Àlejò Ń Béèrè Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀bù Yín: Èsì Wo Ni Fóònù Ń Fún Un?

Àwọn àgbà wa ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ní ìgbà tí àwọn ìyá wa àgbà ń kiri ọjà, ohùn ẹnu wọn ni wọ́n fi ń polówó. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá dùn, tí ó sì mọ bí a ti í yin ohun tí ó ń tà, kì í sábà gbé igbá rẹ̀ padà sílé. Lẹ́yìn náà ni pátákó dé, tí a ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí lára, tí a sì ń gbé e sí ẹ̀bá títì. Ní òde òní, olùpolówó mìíràn tún ti dé, tí ń sọ̀rọ̀ nípa wa nígbà tí àwa kò sí níbẹ̀. Òun ni èsì tí fóònù ń fún ẹni tí ó bá tẹ ìbéèrè sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìyá ọmọ kan ń gbé ní Mọ́rógbò, ó sì ń wá ẹni tí yóò ṣe kéèkì ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Kò ní jáde lọ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Yóò tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú fóònù rẹ̀, kí ó tó ṣẹ́jú, orúkọ àwọn alákéèkì yóò ti yọ, pẹ̀lú máàpù tí ó fi ibi tí wọ́n wà hàn. Bí orúkọ tiyín kò bá sí láàárín wọn, kò ní mọ̀ pé ẹ wà, bí ọwọ́ yín tilẹ̀ mọ iṣẹ́ ju ti gbogbo wọn lọ. Owó tí ìbá wọ ilé yín fún owó ilé ìwé àti oúnjẹ yóò gba ẹnu ọ̀nà yín kọjá lọ sí ilé ẹlòmíràn. Nítorí náà ni mo fi rí i pé ó yẹ kí a jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí, ẹ̀yin ìyàwó ilé àti abiyamọ tí ẹ ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ran ọkọ yín lọ́wọ́.

ÌLÚ TÍ Ó JÓKÒÓ SÍ OJÚ Ọ̀NÀ

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní Ìjànìkin gan-an, nítorí pé ojú ọ̀nà ni ìlú wa wà. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọjọ́ ni a wà, Ìjànìkin sì ni ibùjókòó àgbègbè ìdàgbàsókè Ọ̀tọ̀-Àwórì. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì ni ó gba àárín wa kọjá. Bí a bá kọjú sí ìlà-oòrùn, a ó bá Òkókómáíkò, Ìbà àti Ọjọ́, pẹ̀lú ọjà ńlá Alábà tí àwọn oníṣòwò láti orílẹ̀-èdè mìíràn ń wá ná. Bí a bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kò ní pẹ́ tí a ó fi dé Àgbárá, èyí tí ó ti bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí a bá tẹ̀ síwájú, a ó kan Àgbádárìgì, lẹ́yìn rẹ̀ ibodè Sẹ̀mẹ̀, lẹ́yìn èyí tí a ti wọ orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu wà. Ọ̀nà yìí kan náà jẹ́ ara ọ̀nà ńlá tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Abidjan.

Ẹ tún wo àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà ní Ọjọ́ láti ọdún 1983. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tí ó wà ní Ọ̀tọ̀ àti Ìjànìkin di ara Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2022. Ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba àpapọ̀ náà wà lọ́dọ̀ wa. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń dé, tí àwọn òbí sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá bẹ ọmọ wọn wò. Gbogbo wọn ni yóò jẹun, tí wọn yóò di irun, tí wọn yóò tún aṣọ ilé ìwé ṣe.

Ẹ kíyè sí i pé àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọmọ ìlú mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ ń rán gèlè tí ó dára jù ní àdúgbò, ṣùgbọ́n àlejò kò mọ̀. Abèèrè kì í ṣìnà ni àwọn baba wa wí, fóònù sì ni àlejò òde òní ń bi ní ìbéèrè. Iṣẹ́ tiwa ni láti rí i pé òtítọ́ ni fóònù yóò sọ fún un nípa wa.

BÍ FÓÒNÙ ṢE Ń YAN ẸNI TÍ YÓÒ DÁRÚKỌ

Google ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò láti fi wá ilé iṣẹ́ ní ìtòsí wọn. Ilé iṣẹ́ náà ní ètò kan tí ẹnikẹ́ni tí ó ń ṣòwò lè fi orúkọ sílẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Google Business Profile ni orúkọ ètò náà. Google My Business ni wọ́n ń pè é títí di ọdún 2021. Bí ẹ bá ti fi orúkọ sílẹ̀, ẹ ó ní ojú ìwé tiyín, tí yóò ní orúkọ iṣẹ́ yín, nọ́ńbà fóònù, àkókò tí ẹ ń ṣí àti àkókò tí ẹ ń tì, àwòrán, àti ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà.

Google fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé ohun mẹ́ta ni òun ń wò kí òun tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Èkíní ni ìbámu: ṣé ohun tí ẹ ń ṣe bá ohun tí ènìyàn ń wá mu? Ètò náà yóò ní kí ẹ yan irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ẹ̀yà iṣẹ́ kan ṣoṣo ni yóò jẹ́ olórí, ẹ sì lè fi mẹ́sàn-án mìíràn kún un. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ òde ni ẹ ń sè, ẹ má ṣe yan ilé oúnjẹ nítorí pé ó dùn ún gbọ́. Ẹni tí ń wá ibi tí yóò jókòó jẹ ìyán ni fóònù yóò máa darí sọ́dọ̀ yín, inú yóò sì bí i nígbà tí ó bá dé. Ààyè wà láti kọ àlàyé tí kò ju lẹ́tà 750 lọ. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń ṣe síbẹ̀ ní gbangba: àsáró, mọ́ínmọ́ín, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fún ìkómọ àti ìgbéyàwó, bí ó bá ti rí.

Èkejì ni bí ó ti jìnnà tó: láti ibi tí ẹni tí ń béèrè wà dé ọ̀dọ̀ yín. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí èyí. Àwọn kan máa ń purọ́ pé Festac ni àwọn wà nítorí kí olówó lè rí wọn. Bí Google bá mọ̀, ó lè yọ ojú ìwé náà kúrò pátápátá. Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́.

Ẹ̀kẹta ni òkìkí: báwo ni a ti mọ̀ yín tó? Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà kọ nípa yín wà nínú èyí, àti àwọn ibòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí orúkọ yín ti hàn.

Google sọ ọ́ kedere pé kò sí owó tí ènìyàn lè san kí òun tó gbé e ga nínú èsì yìí. Ìpolówó tí a sanwó fún wà lọ́tọ̀, wọ́n sì máa ń fi àmì sí i lára.

ṢÉ KÍ N FI ÀDÍRẸ́SÌ ILÉ MI HÀN?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì fún ìyá tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tí ọmọ wẹ́wẹ́ wà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá rí ilé wa lórí máàpù ni a fẹ́ kí ó kan ilẹ̀kùn wa. Ìròyìn ayọ̀ ni pé ètò náà mọ èyí. Bí oníbàárà kì í bá wá sí ilé yín, tí ó jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ń gbé oúnjẹ tàbí kéèkì lọ bá wọn, ẹ lè fi àdírẹ́sì pa mọ́, kí ẹ sì dárúkọ àwọn àdúgbò tí ẹ ń dé. Kódà òfin ètò náà ni pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe fi àdírẹ́sì hàn. Ẹ lè dárúkọ tó ogún àdúgbò, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wọn ni pé kí èyí tí ó jìnnà jù má ju nǹkan bí ìrìn wákàtí méjì nínú ọkọ̀ lọ.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí a rántí ohun tí a kọ́ nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé. Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ láìsí nínú òtútù tàbí kí ó máa gbóná janjan. Ẹni tí ó mọ ìdádúró ọkọ̀ tí ó máa ń wà lójú ọ̀nà wa láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí a fẹ́ dé ni ó yẹ kí a kọ. Ọbẹ̀ inú ìkòkò ni yóò sọ ibi tí a lè dé. Bí ẹ kò bá ní kúlà tí ń pa oúnjẹ mọ́ ní gbígbóná, ẹ kọ Ìjànìkin, Ìbà, Òkókómáíkò, Mọ́rógbò àti Àgbárá, kí ẹ sì fi Àgbádárìgì sílẹ̀ fún aṣọ rírán àti gbígbẹ̀ tí kò lè bà jẹ́ lójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn ń wọ̀, ẹ fi àdírẹ́sì hàn. Ọ̀pọ̀ òpópónà wa ni kò ní nọ́ńbà ojúlé tí ó ṣe é tẹ̀ lé. Bí ẹ bá fi ìka tẹ ibi tí ṣọ́ọ̀bù yín wà lórí máàpù Google, tí ẹ sì dì í mú díẹ̀, ẹ ó rí lẹ́tà àti nọ́ńbà díẹ̀ tí àmì àròpọ̀ wà láàárín wọn. Àmì ojúlé ni èyí jẹ́ fún ibi tí kò ní ojúlé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ẹ tún ya àwòrán iwájú ṣọ́ọ̀bù láti ojú títì, kí àlejò lè dá a mọ̀ bí ó ti ń bọ̀.

ORÚKỌ KAN, NỌ́ŃBÀ KAN, NÍ GBOGBO IBI

Ohun tí mo máa ń rí jù lọ ni pé orúkọ tí ó wà lára pátákó yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lórí Facebook, tí èyí tí ó wà lórí WhatsApp sì tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Nọ́ńbà tí a ti pa tì ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ṣì wà lára káàdì. Bí ènìyàn bá rí orúkọ mẹ́ta, yóò rò pé ènìyàn mẹ́ta ni. Ẹ̀rọ náà lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ó wà lára pátákó ni kí ẹ kọ síbi gbogbo, láìfi ọ̀rọ̀ ìyìn kún un. Google kò fẹ́ kí a kọ «tí ó dára jù ní Èkó» mọ́ orúkọ ilé iṣẹ́.

Nípa orúkọ ìlú, ẹ kọ èyí tí àlejò yóò tẹ̀. Àgbádárìgì ni àwa ń pè é, ṣùgbọ́n Badagry ni wọn yóò tẹ̀. Àjàṣẹ́ ni àwa mọ̀, ṣùgbọ́n Porto-Novo ni ó wà lórí máàpù. Bákan náà, ẹlòmíràn kò ní tẹ Ìjànìkin rárá. Ọ̀tọ̀ tàbí Ìyànà Ẹ̀rà ni yóò tẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ fi irú àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀ sínú àlàyé yín, bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé ẹ ń dé ibẹ̀.

ONÍBÀÁRÀ TÍ Ó WÀ NÍ ÌKỌJÁ IBODÈ

Àwọn ará wa pọ̀ ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń sọ Yorùbá, àwọn Ègùn tí wọ́n wà ní Àgbádárìgì sì ní ìbátan ní ìhà kejì ibodè. Aago kan náà ni Èkó àti Kútọnu ń lò. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn.

Ti àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà fóònù. Ẹni tí ó wà ní Benin kò lè fi òdo tí ó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà wa pè wá. Ẹ kọ +234, kí ẹ yọ òdo náà, kí ẹ wá kọ ìyókù. Bákan náà, láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà orílẹ̀-èdè Benin ti kúrò ní mẹ́jọ tí ó di mẹ́wàá. 01 ni wọ́n fi ṣáájú gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn +229. Bí nọ́ńbà oníbàárà yín tí ó wà ní Kútọnu bá ṣì jẹ́ mẹ́jọ nínú fóònù yín, ẹ tún un kọ lónìí.

Ti èkejì ni èdè. Faransé ni èdè ìjọba níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó gbọ́ Faransé dáadáa bá yín kọ gbólóhùn mẹ́ta péré: ohun tí ẹ ń ṣe, ibi tí ẹ wà, bí a ṣe lè bá yín sọ̀rọ̀. WhatsApp Business, tí ó jáde ní ọdún 2018, ní ààyè fún irú ìdáhùn tí a ti kọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ní ààyè tí a lè to àwòrán ọjà àti iye rẹ̀ sí.

Ti ẹ̀kẹta ni owó. Owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná, iye rẹ̀ sí náírà kì í sì í dúró lójú kan. Ẹ kọ iye ọjà ní náírà, kí ẹ sì sọ pé ọjọ́ tí a bá sanwó ni a ó ṣírò rẹ̀.

Ti ẹ̀kẹrin ni ibodè fúnra rẹ̀. Ìjọba wa ti ibodè orí ilẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Sẹ̀mẹ̀ kò sì ṣí padà títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹni tí ó gbé gbogbo òwò rẹ̀ lé oníbàárà òkèèrè kò ní rí nǹkan kan jẹ fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó wà nítòsí jẹ́ oúnjẹ òòjọ́, kí ti ìkọjá ibodè jẹ́ ẹran inú ọbẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ẸNU ONÍBÀÁRÀ

Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Nígbà tí ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ tán tí inú oníbàárà sì dùn, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ ohun tí ó rí sí ojú ìwé yín. Ẹ má ṣe fún un ní owó, ẹ má sì ṣe bá a dín owó nítorí rẹ̀. Ètò náà kò gbà á láyè. Ẹ má ṣe kó ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ kí wọ́n máa yìn yín. Òǹkàwé gbọ́n, yóò mọ̀.

Bí ẹnìkan bá kọ ọ̀rọ̀ burúkú, ẹ má ṣe bú u padà. Ẹ dúró títí inú yín yóò fi rọ̀, kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ tútù dá a lóhùn, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ó ṣe láti tún un ṣe. Kì í ṣe òun nìkan ni yóò kà á. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí kò tíì rí yín rí ni yóò fi ìdáhùn náà mọ irú ìwà tí ẹ ní.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN Ẹ̀TÀN

Bí ẹ bá ti fi orúkọ sílẹ̀, Google yóò fẹ́ ẹ̀rí pé òótọ́ ni. Ó lè fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí fóònù yín, tàbí kí ó ní kí ẹ fi fídíò ya ibi iṣẹ́ yín, pátákó àti ohun èlò yín. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo èyí. Àwọn ẹlẹ́tàn a máa pe ènìyàn pé láti ọ̀dọ̀ Google ni àwọn ti ń pè, pé kí ó san owó kí orúkọ rẹ̀ má baà kúrò, tàbí pé kí ó ka nọ́ńbà ìdánilójú náà fún àwọn. Ẹ má ṣe san kọ́bọ̀, ẹ má sì ṣe ka nọ́ńbà náà fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹni tí ó bá gbà á lè gba ojú ìwé yín mọ́ yín lọ́wọ́.

ÌWÉ KÉKERÉ KAN NÍ Ẹ̀GBẸ́ ÌDÁNÁ

Obìnrin tí ó mọ ìṣirò ilé kì í ṣe ohunkóhun láìwo èrè rẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ fa ìlà sí i. Nígbàkígbà tí oníbàárà tuntun bá dé, ẹ bi í pé, «Báwo ni ẹ ṣe mọ̀ wá?» Ẹ kọ ọjọ́ náà, ibi tí ó ti wá, bí ó ṣe mọ̀ yín, àti iye tí ó ná. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ kọ iye dátà tí ẹ rà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé náà yóò sọ fún yín bóyá Ìbà ni oníbàárà yín ti ń wá jù tàbí Àgbárá, bóyá fóònù ni ó mú wọn wá tàbí ọ̀rẹ́, àti bóyá owó tí ó wọlé ju èyí tí ó jáde lọ.

Kò gba ju wákàtí kan lọ lọ́sẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ yá fóònù ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ tẹ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe àti orúkọ àdúgbò yín sínú rẹ̀, kí ẹ wo ohun tí yóò yọ. Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ka gbogbo ohun tí a kọ nípa yín láti orí dé ìdí, kí ẹ sì tún èyí tí kì í ṣe òtítọ́ ṣe. Nọ́ńbà tí kò lọ mọ́ àti àkókò tí ẹ kì í ṣí mọ́ ń lé oníbàárà lọ ju kí ènìyàn má tilẹ̀ ní ojú ìwé rárá lọ, nítorí pé ẹni tí ó bá wá láti Àgbádárìgì lẹ́ẹ̀kan tí ó bá ilẹ̀kùn ní títì kò ní padà wá mọ́.